Ọmọlanke Sójà Tí Ìyá Najeem Sọ Di Ilé

“Ìyá Najeem, ta ló lé yín nílé?”

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo bi wọ́n ní ìbéèrè yìí. Wọ́n wà níwájú ilé wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹní wà lórí wọn, ìkòkò méjì àti sítóòfù wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ń ti fóòmù wọ inú ọmọlanke sójà tí gbogbo àdúgbò fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá mi ń sá aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ti ẹnu mi jáde, wọ́n pe orúkọ mi, “Olúwabùnmi!” bí ẹni pé mo fọ́ àwo.

Ìyá Najeem kàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá Bùnmi. Ẹni tó bá rí ẹní lórí obìnrin, ó yẹ kó bèèrè.” Wọ́n wá kọjú sí mi. “Jẹ́ kí n lọ kí n bọ̀ ná. Màá dá ọ lóhùn.”

Wọ́n lọ, wọ́n sì bọ̀. Wọn kò dá mi lóhùn. Èmi náà kò tún bèèrè, nítorí pé ìbéèrè yẹn dá wàhálà sílẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Mùjíbátù ni orúkọ Ìyá Najeem. Tapólì ni wọ́n ń rán, aṣọ líle tí àwọn onílọ́rì fi ń bo ẹrù. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́bàá ọ̀nà Ifẹ̀, ilé wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Bí lọ́rì bá ń kó tòmátì tàbí àlùbọ́sà bọ̀ ní ọjà Ṣáṣá láti Òkè Ọya, tí tapólì rẹ̀ ya lójú ọ̀nà, ọ̀dọ̀ Ìyá Najeem ni wọ́n máa ń gbé e wá. Wọn kì í lo téèpù. Okùn kan tó ní kókó méjìlá ni wọ́n fi ń wọn aṣọ, wọ́n á sì fi apá wọn méjèèjì parí èyí tó bá kù. Wọ́n máa ń fi ìda oyin pa òwú kí wọ́n tó rán an, kí omi má bàa rí ojú abẹ́rẹ́ gbà wọlé. Tí wọ́n bá rán tapólì tán, wọ́n á so ó mọ́ òpó mẹ́rin, wọ́n á da omi sínú rẹ̀ bí ẹni da omi sínú ọpọ́n, wọ́n á wá ku eérú sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí omi bá kán, bó ti wù kó kéré tó, eérú á sọ ibi tó ti kán. Mo ti rí i tí wọ́n tú iṣẹ́ ọjọ́ méjì palẹ̀ nítorí àmì kan ṣoṣo tó tó orí ìṣáná.

Tapólì tí Ìyá Najeem rán ti dé Kánò, ó ti dé Màídúgùrì. Àwọn fúnra wọn kò tíì kọjá Ifẹ̀ rí.

Ọkọ wọn ló ti kọjá Ifẹ̀. Bàbá Najeem, Kàmọ́rù lórúkọ wọn, fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa lọ́rì. Ìtàn tí màmá mi sọ fún mi ni pé tapólì tó ya ni wọ́n gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù tí Ìyá Najeem ti ń kọ́ṣẹ́, wọ́n sì tún gbé e padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Ọ̀dọ́mọkùnrin, ọ̀bẹ ló la èyí o. Bó o bá fẹ́ rí ọmọ yìí, wá pẹ̀lú ẹnu rẹ, má fi tapólì ọlọ́jà ṣeré.” Bí wọ́n ṣe fẹ́ra nìyẹn. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọjọ́ méjì péré ni Bàbá Najeem ń lò nílé nínú ọ̀sẹ̀ méjì, títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, tí wọ́n sì fi lọ́rì sílẹ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo mọ̀ wọ́n. Orí bẹ́ǹṣì kan níwájú ilé ni mo ti mọ̀ wọ́n. Bí mo bá jí láàárọ̀ láti gbálẹ̀, kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, wọ́n ti wà níbẹ̀. Màá ní, “Ẹ káàárọ̀ sà.” Wọ́n á ní, “Káàárọ̀, ọmọ mi.” Ó parí. Mo rò pé ẹni tó fẹ́ràn àdúrà púpọ̀ ni wọ́n. Najeem, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, kì í sì í wálé àfi nígbà Iléyá. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí Bàbá Najeem rà wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n á tẹ́tí sí i díẹ̀, wọ́n á pa á, wọ́n á padà sórí bẹ́ǹṣì.

Ó wá di ọjọ́ kan tí Ìyá Najeem lọ ra tapólì àlòkù. Àwọn sójà ti ta ohun èlò wọn àtijọ́ ní gbàǹjo, ọkùnrin kan tó ń ta irin àlòkù lójú ọ̀nà Ṣáṣá sì ti kó wọn sí ọgbà rẹ̀. Ìyá Najeem ń ṣí tapólì kan tẹ̀ lé òmíràn wò, ni wọ́n bá bá a lábẹ́ wọn: àpótí irin gbọọrọ kan lórí táyà ńlá méjì, àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún, nọ́ńbà funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irin rìbìtì kan sì wà ní imú rẹ̀ tí ọkọ̀ sójà fi ń fà á. Ó ga nílẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láì tẹrí ba. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ lọ kò ju tapólì mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n lọ́rì ni wọ́n fi gbé ẹrù wọn wálé.

Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tí wọn ì bá pè é. Kì í ṣe tírélà, kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Bùrọ̀dá Wándé ọlọ́kadà ló sọ ọ́ ní ọmọlanke sójà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

“Ìyá Najeem,” ni Bùrọ̀dá Wándé wí, “ìlú wo lẹ fẹ́ gbà?”

“Ìlú àna rẹ.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àna mi sílẹ̀. Ẹ bá mi gba ilé tí mò ń gbé lọ́wọ́ onílé.”

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Najeem sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe, ẹ̀rín dáwọ́ dúró, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ ọ́ di ibi tí ènìyàn méjì lè sùn sí. Àwọn àti Bàbá Najeem á máa fi píkọ́ọ̀pù fà á lọ sí oko, sí etí odò, níbi tí ọ̀nà ò dára, wọ́n á sè níbẹ̀, wọ́n á sùn níbẹ̀, wọ́n á sì padà wálé.

Màmá mi bi wọ́n pé, “Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ gan-an?”

“A ó sùn.”

“Lẹ́yìn tí ẹ bá sùn ńkọ́?”

“A ó jí.”

Ní ọ̀dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó ń ní ilé kó máa lọ sùn nínú igbó. Àgbẹ̀ lè sùn lóko bí iṣẹ́ bá pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá lé nílé lè sùn níbikíbi. Ṣùgbọ́n kí èèyàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kó sì fi fàájì lọ sùn láàárín kòkó, kò yé ẹnikẹ́ni.

Kò yé Bàbá Najeem náà. Wọ́n ní, “Mo sùn nínú ọkọ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀fọn tó wà ní Jẹ́bà mọ orúkọ mi. Ìyá Najeem, mo ní ilé.”

Ìyá Najeem kò mọ ọkọ̀ wà. Bí Bàbá Najeem ò bá lọ, kò sí ìrìn-àjò. Bùrọ̀dá Sanmí, wẹ́dà tó ń bá wọn tún ọmọlanke náà ṣe, ní òun lè bá wọn wá dírẹ́bà. Ìyá Najeem ní, “Dírẹ́bà ò wọ́n ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹni tí mo fẹ́ kó wà á ni mò ń sọ.” Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé Bàbá Najeem ti gbà.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni iṣẹ́ náà gbà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ilé ìwé dé ni mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wò wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpata kúrò lára rẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ ti jẹ ihò níbi mẹ́rin, Bùrọ̀dá Sanmí gé ibẹ̀ kúrò, wọ́n sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Bùrọ̀dá Sanmí fẹ́ gé irin rìbìtì tó wà ní imú rẹ̀ náà, nítorí kò bá ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù mu, Ìyá Najeem sì kọ̀. Wọ́n ní, “Ṣé nítorí pé bàtà ò gba àlejò lẹ́sẹ̀, kí n gé ẹsẹ̀ rẹ̀? Píkọ́ọ̀pù ni kí o tún ṣe.” Bùrọ̀dá Sanmí wá rọ ìkọ́ kan sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Wọ́n fi ṣéènì sí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ọmọlanke náà tó fi jẹ́ pé, bí a bá rọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó di tábìlì ìdáná. Wọ́n jó àpótí sí abẹ́ rẹ̀ fún ìkòkò, wọ́n sì ṣe àyè sí ẹ̀gbẹ́ fún kẹ́ẹ̀gì omi méjì. Páìpù mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe òpó, Ìyá Najeem sì rán òrùlé sí i nínú tapólì àwọn sójà fúnra wọn, ó ní ìṣẹ́po tó ń sọ̀ kalẹ̀ yípo, tí a lè ká sókè lọ́sàn-án kí a sì so ó mọ́lẹ̀ lálẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ku eérú sí abẹ́ òrùlé yẹn.

Bàbá Najeem ń wò wọ́n láti orí bẹ́ǹṣì. Bí Bùrọ̀dá Sanmí bá fẹ́ ṣe nǹkan tí kò tọ́, wọ́n á wúkọ́. Ní ọjọ́ kan wọ́n yanu sọ ọ́. “Sípíríǹ yẹn ti le jù.” Sípíríǹ ni àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn lórí nítòsí táyà, tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa rọ bó bá kó sí kòtò.

“Bàbá, sójà ló ṣe é,” ni Bùrọ̀dá Sanmí dáhùn. “Iṣẹ́ sójà kì í bàjẹ́.”

“Mi ò ní ó bàjẹ́. Mo ní ó le.”

Bùrọ̀dá Sanmí kò gbọ́. Wọ́n so ọmọlanke náà mọ́ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan tó ní irú ìkọ́ yẹn, wọ́n kó ìkòkò àti àwo sínú rẹ̀, wọ́n sì wà á lọ sí ọ̀nà eléruku tó wà lẹ́yìn ilé ìwé wa láti dán an wò. Nígbà tó kó sí kòtò àkọ́kọ́, ó fò. Ìkòkò jáde bí àkèré. Ìdérí rẹ̀ ń yí lọ lójú ọ̀nà, àwa ọmọdé sì ń sá tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n padà dé, Bàbá Najeem ti dìde lórí bẹ́ǹṣì. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n fi ìnira fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ọmọlanke náà, wọ́n sì ń fi ìka han Bùrọ̀dá Sanmí. “Ẹrù ogun ni wọ́n ṣe é fún. Ẹrù ogun wúwo. Fóòmù àti ìkòkò kò wúwo. Yọ méjì níhìn-ín, yọ méjì lọ́hùn-ún.” Nígbà tí wọ́n tún dán an wò, ó ń rọra lọ bí aláboyún.

Mo rí i pé Ìyá Najeem yíjú kúrò kí ọkọ wọn má bàa rí ẹ̀rín tó wà lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n Bàbá Najeem fọwọ́, wọ́n sì padà sáyè wọn. “Mo bá yín tún un ṣe ni. Mi ò ní mò ń bá yín lọ.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo bèèrè ìbéèrè mi, kò sẹ́ni tó ń lọ sí ibì kankan. Ìyá Najeem kàn ń kó ẹrù sínú ọmọlanke náà láti mọ bó ṣe máa gbà á ni. Ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá Wándé ń kọjá lórí ọ̀kadà, ó gbé èrò kan tó ń gba ọ̀nà oko lọ sí Akànràn, ibẹ̀ sì ni àwọn ẹbí Bàbá Najeem wà. Wọ́n rí ẹní lórí Ìyá Najeem. Wọ́n rí ìkòkò nílẹ̀. Wọ́n sì gbọ́ ohùn mi: “Ta ló lé yín nílé?”

Obìnrin tó bá kó ẹní àti ìkòkò rẹ̀ jáde, ó ti kọ ọkọ nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n.

Wọn kò tíì pe ìrun Àlàásárì tí ọkọ̀ kan fi dúró níwájú ilé. Bàbá Láyí, ẹ̀gbọ́n Bàbá Najeem, ló kọ́kọ́ sọ̀. Lẹ́yìn wọn ni Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá wọn, tó ti pé ọgọ́rin ọdún. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Bàbá Láyí ṣí fìlà, Ìyá Àgbà sì di ẹ̀gbẹ́ ọmọlanke náà mú, wọ́n kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìrora.

“Yéè! Ìyá, ẹ dìde! Ẹ má gégùn-ún fún mi!” Ìyá Najeem sáré, àwọn náà sì kúnlẹ̀.

“Mùjíbátù, ìyàwó wa,” ni Bàbá Láyí wí, “nítorí Ọlọ́hun àti Ànábì, gbé ẹní yẹn padà sínú ilé.”

“Ẹní wo, sà?”

“Èyí tó wà nínú ọkọ̀ ogun yìí. Obìnrin kì í kó ẹní jáde nínú ìdílé wa. Ohun tó bá ń dùn ọ́, sọ ọ́. A ó bá ọ bá a wí.”

Ìyá Àgbà ti kọjú sí ọ̀dọ̀ bẹ́ǹṣì. “Kàmọ́rù! Kí lo ṣe fún un?”

“Ìyá, mi ò ṣe nǹkan kan.”

“Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó ní òun ò ṣe nǹkan kan! Láti ọdún méjì tó o ti jókòó sórí pákó yìí, o ò ṣe nǹkan kan. Ṣé ohun tó torí rẹ̀ fẹ́ ọ nìyẹn?”

Ẹ̀rín bú láti ẹ̀yìn ògiri gbogbo ilé tó yí wa ká. Màmá mi ní kí n wọlé, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn kò wọlé, nítorí náà mo dúró.

Ìyá Najeem nu ojú. Wọ́n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n rọ tábìlì sílẹ̀, wọ́n ká tapólì sókè, wọ́n fi ibùsùn hàn wọ́n. Bàbá Láyí yí ọmọlanke náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ń fọwọ́ kàn án.

“Inú èyí lo fẹ́ sùn sí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ní oko?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ìwọ pẹ̀lú ta ni?”

“Èmi pẹ̀lú ọkọ mi.”

“Kàmọ́rù, ṣé ò ń bá a lọ?”

“Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Mo ní ilé.”

Bàbá Láyí dé fìlà wọn padà. Wọ́n ní, “Ó dáa. Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀. Ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ kì í padà lọ́wọ́ òfo. Mùjíbátù ò bínú, a ò sì lè tún bẹ̀ ẹ́. Ìwọ la máa bẹ̀. Bí ẹní yìí bá jáde, tí ìwọ wà lórí bẹ́ǹṣì, kí ni wọ́n máa sọ ní Akànràn? Wọ́n á ní ìyàwó Kàmọ́rù kó jáde. Bí ìwọ náà bá wà nínú ọkọ̀, kò kó jáde mọ́, ọkọ ló mú ìyàwó rẹ̀ rìnrìn-àjò. Ẹní kan náà ni o. Ibi tó o bá jókòó sí ló máa sọ ohun tí ẹní yẹn jẹ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́…”

“Èmi ò ní jọ̀ọ́,” ni Ìyá Àgbà wí láti orí àga tí wọ́n ti gbé fún wọn. “Orúnkún ẹni ọgọ́rin ọdún kì í kan ilẹ̀ lásán.”

Bàbá Najeem wo ìyàwó wọn. Ìyá Najeem kò bẹ̀bẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n di okùn tapólì mú, wọ́n ń ta á ní kókó, wọ́n ń tú u, wọ́n tún ń ta á.

Bàbá Najeem dìde. “Kọ́kọ́rọ́ píkọ́ọ̀pù dà?”

“Ó wà lápò yín, Bàbá Najeem.”

“Hẹn-ẹ́n. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.”

Wọ́n kúrò nílé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n forí lé abà tí bàbá Bàbá Najeem fi sílẹ̀ lẹ́yìn Akànràn, níbi tí ilé ti wó tí kòkó sì ti gba ojúde. Bùrọ̀dá Wándé tó gbé ìròyìn dé Akànràn ló tọrọ àforíjì kiri gbogbo àdúgbò. Wọ́n ní, “Ọmọ ilé kejì ló bi wọ́n léèrè! Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì!” Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ mi. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti bi àgbàlagbà ní ìbéèrè mọ́, àfi tí mo bá kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, píkọ́ọ̀pù padà dé pẹ̀lú amọ̀ títí dé fèrèsé. Ewé gbígbẹ wà lórí fìlà Bàbá Najeem. Mo lọ dúró lẹ́bàá ògiri, mò ń retí ìdáhùn mi. Ìyá Najeem fún mi ní ìgbá mẹ́rin, wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní, “Mo ti bọ̀ o.” Wọ́n wọlé lọ.

Wọ́n tún lọ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Wọ́n lọ sí àwọn abúlé Lágelú, wọ́n lọ sí Aṣẹ́jírè, wọ́n tún padà sí abà náà. Ṣọ́ọ̀bù á wà ní títì láti ọjọ́bọ̀ títí di ọjọ́ àìkú, àwọn onílọ́rì á máa kùn. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, lásìkò ìsinmi Àjíǹde, wọ́n tọrọ mi lọ́wọ́ màmá mi fún ọjọ́ méjì. Mo sùn sínú píkọ́ọ̀pù, wọ́n sì sùn sínú ọmọlanke.

Etí odò ní Aṣẹ́jírè la lọ. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Bàbá Najeem mọ ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sọ. Wọ́n bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ, wọ́n gbé e sórí tábìlì ìdáná, wọ́n ní kí n máa wò ó bóyá omi náà fì sí apá kan, wọ́n sì ń ti òkúta sábẹ́ táyà títí omi fi dúró déédéé. Wọ́n ní a kì í fi ọkọ̀ sábẹ́ igi tó ní ẹ̀ka gbígbẹ. Wọ́n ní a máa ń kọjú ọkọ̀ sí ọ̀nà kí a tó sùn, nítorí ẹni tó bá ń sá kì í ráyè yí ọkọ̀ padà.

“Ta ló máa lé wa?” ni Ìyá Najeem bèèrè.

“Ìyá Àgbà.”

Ìyá Najeem rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so tapólì sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì gbé sítóòfù sí apá kejì.

“Ìyá Najeem, afẹ́fẹ́ ń ti ibẹ̀ yẹn bọ̀.”

“Tapólì mi kì í bẹ̀rù afẹ́fẹ́.”

“Tapólì rẹ kọ́ ni mò ń sọ. Ata tó o fẹ́ dín yẹn ni.”

Ìyá Najeem ò gbọ́, wọ́n da ata sínú epo gbígbóná. Afẹ́fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ wá sí ojú wa. A sín, a wúkọ́, a sá lọ bọ́ ojú létí odò, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá Najeem ń sín, wọ́n ń sọ láàárín sísín wọn pé, “Mo… mo wí fún un… ọmọ mi, ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi.”

Ní òwúrọ̀, oòrùn ti yọ dáadáa kí n tó jí. Ìkùukùu ṣì wà lójú odò, àparò ń ké nínú koríko. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti dáná, ṣùgbọ́n Ìyá Najeem gbé ìka sí ètè. Wọ́n jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì níwájú ọmọlanke, wọ́n ká tapólì sókè díẹ̀. Bàbá Najeem wà nínú, ẹnu wọn là sílẹ̀, wọ́n ń sùn. Wọ́n hanrun díẹ̀díẹ̀. Ìyá Najeem kò dáná, wọn kò fọ àwo, wọn kò jẹ́ kí n gbé ìdérí ìkòkò. Wọ́n kàn ń wo ọkọ wọn, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tó ti ń retí tipẹ́. Ebi ń pa mí. Mo rò ó nínú mi pé, kí ni èèyàn ń wá jìnnà tó báyìí sí, kó tó wá jókòó wo ẹni tó ń sùn?

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, mo wà ní kíláàsì àṣekágbá. Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti bá Ìyá Najeem di apá kejì tapólì kan mú kí wọ́n lè fi ìda pa òwú rẹ̀. Ọ̀sán ni. Onílọ́rì kan wá fẹ́ bi Bàbá Najeem nípa ọ̀nà kan, Ìyá Najeem sì dá a lóhùn pé, “Wọ́n ń sùn nínú ilé. Lọ kí o padà wá.” Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ìtẹ́lọ́rùn tó wà nínú ohùn wọn pọ̀ ju ohun tí ọ̀rọ̀ náà tó lọ. N kò mọ ohun tó fún mi ní ìgboyà. Mo wo ẹ̀yìn mi. Kò sí ọlọ́kadà kankan.

Mo ní, “Ìyá Najeem, ẹ ní ẹ máa dá mi lóhùn.”

Wọn kò bèèrè ìbéèrè wo. Wọ́n fi ìda sílẹ̀.

“Ìgbà tí wọ́n fi lọ́rì sílẹ̀, wọn kì í sùn, Bùnmi. Odidi ọdún méjì. Bí mo bá tají, àyè wọn á ti ṣófo, wọ́n á ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní yàrá náà dákẹ́ jù, wọ́n ní àjà ilé ń tẹ̀ wọ́n lórí. Ó ń tì wọ́n lójú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àwọn ará Akànràn pé ọkọ mi ò lè sùn nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́? Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án?” Wọ́n tún mú ìda, wọ́n fi pa òwú náà lẹ́ẹ̀kan. “Kò sẹ́ni tó lé mi nílé, ọmọ mi. Ọkọ mi ni kò tíì délé. Mo lọ pàdé wọn lọ́nà ni.”